Ohun Tó Ń Kùn

Ọgbọ̀n ọdún ó lé méjì ni mo ti ń tún rédíò ṣe ní Tákìé.
Mo mọ ariwo tí wáyà ń pa bó bá fẹ́ẹ́ já,
mo mọ èyí tí aáyán ń dá sílẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n.
Ṣùgbọ́n gìtá, n ò tún un ṣe rí.
Ìgbà tí ọyẹ́ mú, tí ètè gbogbo wa ń bẹ́,
ni Oyègbèmí gbé tirẹ̀ wọlé, ó fi aṣọ ìkélé wé e:
"Bàbá, ó ń kùn. Ó ń kùn bí eṣinṣin inú ìgò."

Mo ní kó ta á.
Okùn kìn-ín-ní dún, ó mọ́ bí omi àmù.
Ìkejì, ìkẹta, kò sí wàhálà.
Ó kan ìkarùn-ún, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn gìtá:
kùùn-ùn-ùn.
Ìyàwó mi gbójú sókè,
ó ní ṣé agbọ́n ti tún kọ́lé sí àjà ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, bí ẹni ń wá iná lórí ọmọ.
Mo yí kọ́kọ́rọ́ orí rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò,
ọ̀kan dẹ̀, mo fún un le.
Ó ṣì ń kùn.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò ikùn rẹ̀:
eruku, tíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò Ìlọrin,
èèpo kajú kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ bó ṣe débẹ̀.
Mo gbọn gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀.
Ó ṣì ń kùn.
Mo fi ìka kan igi náà láti ìdí dé èjìká,
bí ẹni ń gbá ìkòkò wò lọ́jà kó tó sanwó,
bóyá ọyẹ́ ti là á níbì kan.
Igi le koko. Gọ́ọ̀mù ò ṣí.

Mo gba gìtá lọ́wọ́ rẹ̀, èmi tí n ò mọ orin kankan,
mo tẹ ibi tó tẹ̀, mo ta okùn tó ta.
Ohùn jáde, ó dá ṣáká.
Mo dá a padà fún un: kùùn.
Ojú ti ọmọ náà. Ó ní, "Bóyá ọwọ́ mi ni ò dáa."

Mo ní kó máa ta á lọ, mo pajú dé.
Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Afọ́n máa ń sọ pé
ojú a máa dí etí lọ́wọ́.
Mo tẹ̀lé ìró náà bí ajá ti ń tẹ̀lé òórùn,
ó kúrò lọ́rùn gìtá, ó kọjá ihò, ó gba ẹ̀yìn,
etí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọmọlọ́mọ láyà.
Mo lajú.
Bọ́tìnnì kẹta ni.

Bọ́tìnnì idẹ, lára ṣẹ́ẹ̀tì kàkí tó fẹ̀ jù ú lọ,
òwú dúdú tó dè é mú ti fẹ́ẹ́ já,
ó rọ̀ dirodiro, ó ń gbọ̀n lẹ́yìn gìtá.
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Ìyàwó mi ti ń wá abẹ́rẹ́.
Oyègbèmí ò rẹ́rìn-ín.
Ó fi ọwọ́ bo bọ́tìnnì náà:
"Ṣẹ́ẹ̀tì bàbá mi ni. Àwọn ló fọwọ́ ara wọn rán an,
lọ́sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè l'Ọ́fà.
Wọn ò wọ̀ ọ́ lọ."

Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó jókòó sínú ọyẹ́ tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì,
ó ta á. Ó mọ́.
Ó mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ,
bíi yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀.
Ló bá tún ṣẹ́ẹ̀tì wọ̀.

Ìyàwó mi dá abẹ́rẹ́ padà sínú agolo.
N ò gbowó. Kí ni mo tún ṣe?
Ó kọrí sí Arówómọlẹ̀,
ó ń ta á lọ lábẹ́ àwọn igi máńgòrò,
mo sì ń gbọ́ bọ́tìnnì títí ó fi ya kọ́nà.

Ariwo kékeré kan ṣì wà ní okùn kẹfà
tí kì í ṣe ti bọ́tìnnì.
Ìyẹn ò tíì yé mi.
Mo ti ní kó padà wá lọ́jọ́ Sátidé.