Ahọ́n Mùsíè

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀, garawa Ìyá Adúnbí ti ń dún nínú kànga.
Bí n kò bá tètè dìde,
ẹrẹ̀ ni yóò kù fún mi.
Olópòmẹ́wàá ni wọ́n ń pe àdúgbò wa.
Mo ti ka àwọn òpó náà. Mẹ́jọ ni mo rí.
Kò sí iná lórí ìkankan.

Èmi ni ẹnìkẹrin lẹ́yìn Máíkírà tí a ṣe fún ẹni mẹ́ta,
àpò ìwé lórí orúnkún, ìgúnpá ẹlòmíràn nínú ìhà mi.
A ré Ẹlẹ́yẹlé kọjá, adágún ń fi ìkùukùu bojú.
Awakọ̀ ní, "Tísà, ẹ sún sí i díẹ̀."
Láti Kétu ni mo ti ń sún bọ̀.

Nínú kíláàsì, wọn kò mọ orúkọ mi.
Mùsíè ni mí láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí pátákó.
"Bọ̀ńjúù, Mùsíè!"
Ogójì ohùn, bí ẹni ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹ̀gẹ́.
Mo ya ológbò kan,
ìrù rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ, ẹfun ló ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.
Mo ní, lédè Faransé: ṣà.
Wọ́n ní: sà.
Mo ní ẹ fẹ́ atẹ́gùn síta, bí ẹni ń lé adìẹ nídìí àgbàdo: ṣà.
Wọ́n fẹ́ ẹ. Àwọn ìwé fò.
Sà!
Ọmọ Òkè-Àrẹ̀mọ kan dìde, Ṣíjúadé Ọláníhún,
ó ní, "Mùsíè, ohun tí à ń sọ náà nìyẹn."
Ó ní Síjúadé lòun ń jẹ́.
Ta ni èmi tí n ó tún orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ṣe?

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ẹnu mi ni wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀.
Mo sọ̀rọ̀ kan bí a ti ń sọ ọ́ nílé,
ẹ̀rín gba yàrá olùkọ́.
Ìyáàfin Fátókun, tí ń kọ́ wọn ní ìṣirò, ní,
"Yorùbá yìí mà ti pẹ́ nínú àpótí o!"
Wọ́n ní Ègùn ni mí. Mo ní ọmọ Kétu ni mí.
Wọ́n ní, "Sebí ọ̀nà kan náà ni."
Ní ọ́fíìsì ìwọlé-wọ̀de, wọ́n kọ "àjèjì" sínú káàdì mi.
Ọkùnrin tó kọ ọ́ ní, "Ẹ kú ìdúró o, bàbá."
Mo dá a lóhùn, ó rẹ́rìn-ín,
ó sì ń kọ ọ́ lọ.

Bí oṣù bá parí, mo máa ń jókòó ti fìtílà:
owó ilé, owó ọkọ̀, oògùn ẹsẹ̀ ìyá mi.
Náírà a máa kéré sí i kó tó di sẹ́fà,
bí ọṣẹ tí a fi rán ọmọdé lọ sódò.
Húnsù awakọ̀ ló ń bá mi gbé e gba Ìdírókò kọjá.
Kò jẹ ẹ́ rí.
Ó kàn máa ń sọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè
bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹ̀fọn lásìkò òjò.

Lálẹ́ àná, òjò dá, fóònù gbọ́ràn, mo pe ìyá mi.
Mo ní, "Ìyá mi, sé ara le?
Ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́, sé ó ti fúyẹ́?"
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ ewúrẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ilé.
Ó ní, "Ta nìyí?"
Mo ní èmi Adéòtí ni.
Ó ní, "Ohùn Adéòtí ni mo gbọ́.
Ẹnu ta lo yá?"

Nígbà tí ó gbé fóònù sílẹ̀ tán,
mo dúró síwájú dígí, nínú òkùnkùn,
mo fẹ́ atẹ́gùn síta. Ṣà. Ṣà. Ṣ—
Ìyá Adúnbí kan ilẹ̀kùn:
"Tísà, sé adìẹ ló wọlé tọ̀ yín ni?"