Ó Kù Díẹ̀

Orí àjà ni wọ́n gbé e sí, lẹ́yìn àpò sìmẹ́ńtì òfìfo,
wọ́n fi ẹ̀wù òjò rélùwéè wé e bí òkú tí kò lẹ́bí.
Mo fà á, eruku wọ̀ mí lójú,
ọmọńlé sá jáde nínú ikùn rẹ̀.
Gìtá Bàbá Láwàní nìyí.
Pupa rẹ̀ ti ṣá, ó di àwọ̀ epo àná,
okùn méjì ló kù lọ́rùn rẹ̀, méjèèjì ti dípẹtà.
Nínú èèkàn mẹ́fà, mẹ́rin ò yí mọ́,
ìkarùn-ún ń yí lásán bí ẹni tó ń purọ́.
Ìkẹfà? Mi ò rí i.

Fóònù ni mo ń tún ṣe ní Òkè-Fíà,
ojú tó fọ́, ihò ṣájà tó kún fún iyẹ̀pẹ̀.
Mo mọ ibi tí iná ń gbà wọ inú ohun tó kéré ju èékánná lọ.
Ṣùgbọ́n igi? Igi tó ti ń kọrin kí wọ́n tó bí mi?
Mo gbé e lé tábìlì, mo jókòó tì í,
mi ò fọwọ́ kàn án títí ládáànì fi pe ìrun Mọ̀gàríbì.

Ìyá mi ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe? Bàbá tó ni ín ò gbọ́ràn mọ́.
Fèrè ọkọ̀ ojú irin ti gbé etí rẹ̀ lọ sí Ọ̀fà,
kò sì dá a padà."

Ẹrù dé láti Èkó lọ́jọ́ Jímọ̀, nínú páálí bàtà:
èèkàn tuntun tó ń dán bí ojú ẹja tútù,
afárá idẹ, òòfà méjì tó sùn sínú ọ̀rá.
Mo gbé afárá lé ojú ti àtijọ́.
Ihò ò bá ihò mu.
Ìwọ̀n ìka kan péré ló fi yẹ̀, ìka kan!
Bí mo bá lu ihò tuntun, mo ti dá àpá sára olóògbé;
bí mi ò bá lù ú, olóògbé ni yóò máa jẹ́.

Ó dọjọ́ kẹta kí n tó tú àwo dúdú àyà rẹ̀.
Síkúrù kan ṣẹ́. Mo bú u. Mo tọrọ àforíjì.
Wo ohun tí mo bá lábẹ́ rẹ̀:
sípóòkù kẹ̀kẹ́ tí wọ́n tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, tó di wáyà mú,
abala agolo mílíìkì, àwòrán màlúù ṣì hàn lára rẹ̀,
ihò mẹ́ta mìíràn tí wọ́n fi iyẹ̀ igi àti àtè dí,
àti ọ̀rọ̀ pẹ́ńsù, wínníwínní:
"Èmi Gbàdàmọ́sí ará Ìlobùú ni mo tún un ṣe. Ó kù díẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Kí ló kù, Gbàdàmọ́sí? Ta ló ní kó o dúró?
Èmi tí mo rò pé odidi ni mo fẹ́ bà jẹ́,
àbùlẹ̀ lórí àbùlẹ̀ ni mo bá,
gbogbo rẹ̀ náà ló sì fi kọrin.

Mo lọ yá ẹ̀rọ ìlugi lọ́dọ̀ Ṣítù káfíńtà, lójú ọ̀nà Ìkìrun.
Eruku pupa jáde, ó ń rùn
bí yàrá tí wọn ò ṣí láti ìgbà ìjọba ológun.
Mo yọ́ lẹ́ẹ̀dì, mo so wáyà, mo yọ ohun tó ti kú,
àfi kókó ohùn kan, ike tí ìka Bàbá ti jẹ dan.
Sípóòkù yẹn ńkọ́? Kò wúlò fún nǹkan kan mọ́.
Mo fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo gbé e lọ bá a lẹ́yìn Sítéṣàn.
Mo ki wáyà bọ sípíkà, mo ta okùn.
Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́; òun ń wo ẹnu wọn.
Ó wá gbà á lọ́wọ́ mi,
ó tẹ ìwo rẹ̀ mọ́ párì ẹ̀rẹ̀kẹ́, egungun mọ́ igi,
ó fi àtàǹpàkò ta okùn tó nípọn jù.
Ó dúró.
Ó tún ta á.
"Ta ló sún afárá yìí síwájú?"
Ohùn rẹ̀ le, bí ẹni tó ń bá rélùwéè sọ̀rọ̀.
Mo fọwọ́ tọ́ka sí àyà mi.
"Ó ga jù lápá ibí. Rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀."

Mo tún tú u lálẹ́ ọjọ́ náà.
Mo wá pẹ́ńsù. Lábẹ́ orúkọ Gbàdàmọ́sí
mo kọ tèmi, mo kọ ọjọ́, mo ronú,
mi ò rí ohun tí mo lè fi kún un
ju èyí tó ti kọ síbẹ̀ lọ.