Ìbéèrè Kẹrin

Ẹja ń gbẹ lórí ààrò, èmi náà ń gbẹ lórí ìwé.
Aago kan òru ti kọjá ní Ẹ̀pẹ́.
Èéfín ìyá mi ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé,
ó ń jókòó sójú ìwé tí mò ń kà,
débi pé "àṣẹ" di èéfín, "ẹ̀tọ́" di èéfín,
títí kan orúkọ ìlú tí wọ́n ti ń dìbò yan adájọ́.

Ọdún kẹta rèé tí mò ń ṣe ìdánwò ìgbéga yìí.
Lákọ̀ọ́kọ́, mo gba méjìdínlógójì.
Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní àwọn ò rí ìwé ìdáhùn mi,
èmi tó jẹ́ pé ìwé títọ́jú niṣẹ́ mi ní káńsù!
Rìsíkátù tí a jọ wọṣẹ́ ti di ọ̀gá ní Ìkẹjà.
Ó máa ń pè mí lálẹ́ Jímọ̀,
ó ní, "Mùnírátù, má há a sórí o. Yé e."
Mo ní mo ti gbọ́.
Mo padà sídìí híhá.

Ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba olójú kan:
ṣàlàyé ìyàtọ̀ wọn, kí o fi orílẹ̀-èdè méjì ṣe àpẹẹrẹ.
N kò dé orílẹ̀-èdè kankan rí.
Sẹ̀mẹ̀ tó wà níbí gan-an, etí ni mo fi mọ̀ ọ́n.
Ṣùgbọ́n mo mọ ilé Àlááji Bàdírù tí a ń gbé:
mítà iná kan ṣoṣo, inú yàrá rẹ̀ ló wà,
òun ló ń pín owó iná bó ṣe wù ú,
ẹni tó ní fáànù, ẹni tí kò ní, iye kan náà.
Lódìkejì ọ̀nà, nílé Ìyá Kúdí,
yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní mítà tirẹ̀,
àmọ́ kànga kan ni gbogbo wọn ń fà,
ìjà kànga ọ̀hún kì í tán.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo tún pa á rẹ́.
Ẹni tí yóò máàkì mi kò mọ Ìyá Kúdí.

Ìjọba alájùmọ̀ṣe nìkan ni kò ni mí lára:
ará Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni bàbá mi, ará Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ nìyá mi,
inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí.

Ìbéèrè kẹrin ló ń dá mi lóró.
*Ta ni ìjọba ń jíhìn fún?*
Ìdáhùn inú ìwé kò ju ìlà mẹ́ta lọ,
mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ Fátíhà.
Àmọ́ fáìlì kan wà lórí tábìlì mi ní káńsù,
aláwọ̀ ewé, etí rẹ̀ ti já,
ọ̀rọ̀ pákó mẹ́rin tó jẹrà ní èbúté ló wà nínú rẹ̀.
Ọdún mẹ́jọ. Èmi ni mo ń gbé e kiri,
láti ọ̀dọ̀ ẹnjiníà sọ́dọ̀ akápò,
láti ọ̀dọ̀ akápò sọ́dọ̀ akọ̀wé àgbà,
kó tó tún rọra padà wá bá mi.
"Fún àkíyèsí yín, ẹ jọ̀wọ́":
ìgbà mọ́kànlá, ọwọ́ mi ló kọ ọ́.
Níbi pákó kejì lẹsẹ̀ ìyá mi ti kán
nínú oṣù Agẹmọ, pẹ̀lú agbọ̀n ẹja lórí.

"Kí ni wọ́n bi ọ́ tó o fi ń pòṣé?"
Ohùn rẹ̀ nìyẹn, láti ìdí ààrò.
Mo kà á fún un.
Ó yí ẹja kan padà. Ó yí òmíràn.
"Ìwọ ńkọ́, ta ni ìwọ ń jíhìn fún?"
N kò fèsì.
Ó fi igi síná. Ó ní,
"Sáà kọ èyí tí wọ́n fẹ́, kó o yege.
Ẹsẹ̀ mi ti jinná."

Kò tíì jinná. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń wọ́ ọ nílẹ̀
lọ sídìí ìkòkò omi.

Mo ṣí ojú ewé tuntun.
Mo kọ nọ́ńbà rẹ̀. Mo kọ "Ìjọba",
ìkọ̀wé náà sì jọ ti inú fáìlì.