Ìlà Kan ní Samaru

Aago méjì òru, Samaru ti sùn,
ọyẹ́ ń họ gíláàsì fèrèsé.
Iná ti lọ. Bátìrì kọ̀ǹpútà ku díẹ̀.
Ìlà kan gbórí sókè láàárín àwọn nọ́ńbà
bí ọmọdé tó ń yọjú lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Ìtànṣán yìí kì í kanlẹ̀;
afẹ́fẹ́ ayé á ti gbé e mì lójú ọ̀nà.
Ìdí nìyí tí a fi rán òkúta dídì kan gòkè
kó bá wa pàdé rẹ̀.

Alumíníọ̀mù ni. Ìràwọ̀ ló sè é.
Ọ̀kẹ́ márùndínlógójì ọdún, ìdajì rẹ̀ á ti jẹrà,
bó sì ṣe ń jẹrà ló ń tàn.

Ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù náà ni ara ẹ̀rọ wa.
Bí ọta òfuurufú bá bà á, òun náà á ké,
igbe rẹ̀ á jọ èyí tí mò ń wá.
Etí tó ń kùn, ṣé ó lè gbọ́ àlejò lẹ́nu ọ̀nà?
Ọdún mẹ́ta ni mo fi yọ ohùn ilé
kúrò nínú ti òde.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo yà lọ́dọ̀ Sábíù ní Tudun Wada.
Ó ń yọ́ ẹ́ńjìnnì àlòkù, ó ń dà á sínú yẹ̀pẹ̀.
Mo ní, "Mo rí àbúrò irin yìí lókè lánàá."
Ó nu òógùn: "Èló ni kílò lọ́hùn-ún?"

N ò mọ̀. Mo ra ìkòkò kan;
ó gbóná lọ́wọ́ mi títí dé ilé.