Méjì Nínú Ojú Kan

Mẹ́fà la fi ń bẹ̀rẹ̀.
Bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí Mopélọ́lá máa ń wí,
wọn a ká òwú mọ́ ìka ìfábẹ̀là,
wọn a ti ìkọ́ irin bọ àárín rẹ̀,
wọn a fà á jáde, wọn a tún fà á jáde,
títí ojú mẹ́fà yóò fi tò yí ihò kékeré ká
bí ọmọ iléèwé tó yí garawa omi ká.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn l'Òkè-Fókò la jókòó sí,
òrùlé páànù ń sọ̀ kalẹ̀ níwájú wa, gbogbo rẹ̀ ti dípẹtà.
Àpò sípù àti bọ́tìnì tí wọ́n ń tà ní Gbági
wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn.
Wọn kò jẹ́ kí n fẹ̀yìn tì í.

"Bí o bá fẹ́ kó fẹ̀, fi méjì sínú ojú kan.
Ihò tí ìkọ́ ti jáde ni yóò padà wọ̀.
Má wá ihò mìíràn lọ."
Mẹ́fà di méjìlá.
Ìyípo kẹta: ọ̀kan, méjì; ọ̀kan, méjì;
ó di méjìdínlógún.

Ibẹ̀ ni mo ti rẹ́rìn-ín.
Ọwọ́ wa ń fi kún un,
ẹnu wa ń yọ èjì kúrò lára ogún.
Mo sọ fún wọn. Wọ́n wò mí títí.
"Ẹni tó ń ka owó ọjà kì í rẹ́rìn-ín. Ka ojú òwú rẹ."
Mẹ́rìnlélógún. Ọgbọ̀n.
Mẹ́rìndínlógójì:
a tún ti jẹ ogójì ní gbèsè mẹ́rin.

Fìlà mi àkọ́kọ́, méjì méjì ni mo fi sí gbogbo ojú,
mo rò pé bó ṣe pọ̀ tó ni yóò dára tó.
Ó ká kò bí ewé kábéèjì,
kò tẹ́, kò sì dúró.
Àǹtí gbé e lé orí ìkòkò omi:
"Ìkòkò ti rí gèlè."
Èkejì, n kò fi nǹkan kan kún un,
ó sún kì, ó di ife.
Wọ́n da bọ́tìnì funfun sínú rẹ̀.
Bọ́tìnì náà ṣì wà níbẹ̀.

"Tó bá ti tẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́,
tó sì ti bo àtàrí,
ṣíwọ́ àlékún.
Máa ka ọ̀kan, ọ̀kan, ọ̀kan.
Á tẹrí ba fúnra rẹ̀."

Ọdún mọ́kànlá kọjá.
Wọ́n ránṣẹ́ pè mí láti ọsibítù ńlá l'Orítamẹ́fà.
Mẹ́fà náà tún nìyí.
Oògùn ti kó irun wọn lọ tán.
Wọn kò béèrè èso, wọn kò ní kí n gbàdúrà.
"Hun fìlà fún mi. Òwú nínípọn.
Má ra pupa, n kì í ṣe ìyàwó tuntun."

Mo rò pé mo mọ orí náà,
orí tó ń ru àpò sípù gòkè wálé láti Gbági.
Mo hun ún nínú ọkọ̀ Mọ́kọ́lá,
ìkọ́ ń bọ́ lọ́wọ́ mi ní gbogbo kòtò,
mo fi kún un dé méjìdínláàádọ́ta.
Mo dé e fún wọn.
Ó yọ̀ wálẹ̀ dé imú.

Wọ́n rẹ́rìn-ín lábẹ́ rẹ̀.
Mò ń gbọ́ ẹ̀rín, n kò rí ojú.
"Tú u."

Mo fa òwú. Etí rẹ̀ kọ́kọ́ lọ,
méjìdínláàádọ́ta tẹ̀lé e,
méjìlélógójì tẹ̀lé e,
òwú ń kó jọ sórí aṣọ ìbora ọsibítù.
Àwọn ni wọ́n ń kà á.
Wọ́n na ọwọ́, wọ́n dá mi dúró ní mẹ́rìndínlógójì.
"Ibí yìí. Má fi kún un mọ́."

Ó ku mẹ́rin kó pé ogójì.
Ó ń ṣe mí bíi pé kí n sọ ọ́.
Mo ti ìkọ́ bọ ojú tó kàn,
ọ̀kan,
ọ̀kan,
nọ́ọ̀sì kan dúró pẹ̀lú abọ́ oògùn lọ́wọ́,
ó ń wo bí etí fìlà ṣe ń tẹ̀ wálẹ̀.