Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn Bàbá

Bíríkìlà gbá ògiri lábàrá, ó dún bí akèrègbè.
"Ẹ̀gbọ́n, inú rẹ̀ ti ṣófo. Ikán ti jẹ ẹ́ dé ọrùn."
Mo kọ ọ́ sínú ìwé: sìmẹ́ǹtì, àpò mẹ́rìnlá;
páànù, ìdì méjì; igi àjà,
Àríyìbí ní òun ni yóò rà á,
Àríyìbí tó ti ń rà á láti ọdún mẹ́ta.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ìjọ̀kà, ìwọ náà ti darúgbó n'Íléṣà.
Òjò ń wọlé rẹ láìkan ilẹ̀kùn,
ó mọ ibi tí Ìyá ń gbórí sí.

A dé yàrá Bàbá.
Ẹfun ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó rí wọ́gọwọ̀gọ:
*Àrẹ̀mú Ìkirè, ṣílè méje.*
*Ìyàwó Alágbẹ̀dẹ, ó ku tọ́rọ́ kan.*
Owó aṣọ àwìn,
tó lóṣòó dè lẹ́nu ọ̀nà wọn
títí orúnkún fi kọ̀ fún un.

"Ṣé ká ha á?" Irin ti wà lókè.

Mo ní rárá.
Rẹ́ ẹ yí ká, kùn ún yí ká,
fi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì yìí sílẹ̀ fún mi.
Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ló ń jò.
Mo fa igi lé mẹ́rìnlá,
mo kọ mẹ́tàlá àbọ̀.