Ìwé Àgékù

Ní òpópónà àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú,
níbi tí ẹ̀rọ ti ń ké kí ladáànì tó pe ìrun,
bébà ni mò ń gé.
Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ìjọ:
ayọ̀ o, ẹkún o, abẹ kan náà ló ń gé wọn.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gé e, n kò mọ iye tí mò ń gbà.
Mo mọ̀ ọ́n ní Sátidé, tí ọ̀gá bá kà á sí mi lọ́wọ́;
tó bá di Túsìdé, mo ti gbàgbé.
Owó ń wọlé bí àlejò tí kò bọ́ bàtà:
ó kí mi, ó jáde.

Mo wá yá ẹgbàárùn-ún lórí fóònù.
Wọn kò bi mí lórúkọ bàbá mi, wọn kò bèèrè onídùúró.
Ọ̀rẹ́ tó yá tó báyẹn, ó yẹ kí n fura.
Lọ́jọ́ kẹjọ ni wọ́n fi àwòrán mi ránṣẹ́
sí ọ̀gá mi, sí fọganáísà, sí ìyá ìyàwó mi n'Íjẹ̀bú:
“Ẹ bá wa mú un. Gbájúẹ̀ ni.”
Màmá kò bínú. Wọ́n kàn pè, wọ́n ní,
“Bàbá Àńjọlá, ṣé ẹ ti jẹun?”
Ìyẹn ló dùn mí jù.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo ṣa àgékù kàlẹ́ńdà lábẹ́ ẹ̀rọ,
mo tò ó, mo gún un, mo fi òwú ran ẹ̀yìn rẹ̀.
Ìwé tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.
Lẹ́yìn ojú-ewé kìíní, ìlàjì ojú bíṣọ́ọ̀bù kan.
Òun ni ẹlẹ́rìí mi.

Búrẹ́dì, ẹgbẹ̀rin.
Kẹ̀kẹ́ dé Onípàánù, irínwó.
Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, ẹgbẹ̀rún kan.
Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, ẹgbẹ̀rún kan.
Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù...
ibí ni mo ti dá bírò dúró.
Bíṣọ́ọ̀bù ń fi ojú kan wò mí.

Igbá ń jò, mò ń bú kànga.
Mo bú ọ̀gá, mo bú ìjọba, mo bú orí mi pàápàá,
n kò yẹ ìdí igbá wò.

Kí n má parọ́, ìwé kì í bímọ owó.
Oṣù kìíní, ẹgbẹ̀ta náírà ló ṣẹ́kù.
Oṣù kejì, ibà mú ọmọ, mo tún jẹ kẹ́mísìtì lówó.
Oṣù kẹta, mo ju ìwé sábẹ́ ibùsùn.
Mofadékẹ́ ló wá a jáde. Kò sọ nǹkan kan.
Ó kọ tirẹ̀ sísàlẹ̀: Ata, egbèje.
Ó dá bírò padà fún mi.

Ohun tí mo bá kọ sílẹ̀
ni mo lè kọ̀ sílẹ̀.
Ohun tí mo kọ̀
ni mò ń kó jọ.

Ọ̀kẹ́ méjì ó lé ẹgbàá ló wà lọ́wọ́ alájẹṣẹ́kù lónìí.
Àṣé àgékù náà lorúkọ ẹgbẹ́ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi Rúfáì pè láti Àgége:
“Bá mi wá ẹ̀ẹ́dẹ́gbàájọ kó tó dọ̀la.”
Tẹ́lẹ̀, kó tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.
Mo ní, “Ẹ jẹ́ n wo ìwé mi ná.”
Ó dákẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. “Ìwé wo? Ìgbà wo lo di báńkì?”

Mo ṣí i. Bíṣọ́ọ̀bù yọjú.
Ẹ̀rọ ń ké, àgékù ń jábọ́ sí mi lẹ́sẹ̀ bí ìyẹ́.
Mo ka ojú-ewé náà tán
kí n tó dá a lóhùn.